Ta Ló Ń San Owó Ilé Java?

Ní ọdún 2015, ẹni tó bá fẹ́ gba sáfà kékeré kan tó ní RAM 1GB lọ́wọ́ DigitalOcean, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù fẹ́ràn, dọ́là 10 ni yóò san lóṣù. Lẹ́yìn tí wọ́n tún iye owó wọn tò ní 2022, dọ́là 6 ni. Ọjà tí owó rẹ̀ ń wálẹ̀ báyìí ṣọ̀wọ́n. Ẹ wo epo, ẹ wo ìrẹsì, ẹ wo owó ilé ní Yábàá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣẹ́ ẹ sí náírà. Nígbà tí ìjọba so dọ́là kan mọ́ nǹkan bíi ₦197 ní 2015, dọ́là 10 kò ju ₦1,970 lọ. Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, nígbà tó di 2024 dọ́là kan ń rìn ní àyíká ₦1,500, dọ́là 6 sì di ₦9,000. Ọjà kan náà ló ń wálẹ̀ lọ́hùn-ún tó ń gòkè níbí.

Ìṣirò yìí ni mo máa ń rántí nígbàkigbà tí mo bá rí àwọn àtòjọ tó ń sọ ibi tí hosting Java, ìyẹn yíyá àyè lórí sáfà fún áàpù Java, ti jẹ́ owó pọ́ọ́kú àti ibi tó ti wọ́n. Iye dọ́là tí olùtajà kọ síwájú ìsọ̀ ni wọ́n fi ń wéra. Ó dáa fún ẹni tó ń gba owó oṣù ní dọ́là. Ẹni tó ń ta iṣẹ́ rẹ̀ ní náírà nílò ìṣirò mìíràn, ìdajì ìṣirò náà kò sì sí lọ́wọ́ àwọn olùtajà rárá. Inú Java fúnra rẹ̀ ló wà.

Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ni James Gosling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe èdè kọ̀ǹpútà yìí, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 1995. Oracle ra Sun ní 2010, Java sì bọ́ sọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tó ní láti san kọ́bọ̀ kó tó fi Java kọ nǹkan, nítorí OpenJDK, ẹ̀dà Java kan, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó ń gbowó ni RAM tó ń jẹ. Bí ènìyàn bá ṣí ojúlé tí wọ́n fi èdè PHP kọ, kóòdù náà á jí, á jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, á sì kúrò nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ni sáfà fi lè kó ọgọ́rùn-ún oníbàárà sórí ẹ̀rọ kan, bí onílé ṣe ń kó ayálégbé sínú ilé fésì-mi-kí-n-fésì-ẹ: ilé ìdáná kan ṣoṣo tó, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sebẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Java ò gba irú ìgbé bẹ́ẹ̀. JVM, ìyẹn ètò tó máa ń gbé áàpù Java ṣiṣẹ́, á jókòó síbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ẹnikẹ́ni ì báà wá tàbí kó má wá, RAM tó bá sì ti gbà kì í tètè dá a padà. Áàpù kékeré tí wọ́n fi Spring Boot, irinṣẹ́ ìkọ-áàpù Java, kọ, tí kò tíì ṣe nǹkan gidi kan, lè ti gba 200MB sí 300MB. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ hosting olówó kékeré fi ń gba PHP tọwọ́tẹsẹ̀, tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Java.

Síbẹ̀, Java ni ọ̀pọ̀ yunifásítì wa fi ń kọ́ ọmọ, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ báńkì ń wá. Ọmọ náà jáde, ohun tó mọ̀ ló máa fi ṣiṣẹ́.

Ká ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ áàpù fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́ kan ní Òṣogbo. Ọmọ ẹgbẹ́ 300 ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ kí kálukú lè fi fóònù wo owó tó ti dá, gbèsè tó kù àti èlé tó wọlé. Iṣẹ́ gidi ni. Ìwé lẹ́jà àtijọ́ ti rí omi òjò, ó sì ti rí eku. Ẹgbẹ́ gbà láti máa san ₦15,000 lóṣù. Ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé, gbogbo wọn á ya lu áàpù náà. Ọjọ́ yòókù, bóyá ẹni mẹ́ta.

Ibi tí kò ti ní í san nǹkan kan ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ wò, n kò sì bá a wí. Heroku, ilé-iṣẹ́ hosting kan, ló kọ́ ìran kan ní àṣà yẹn. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2007, Salesforce rà á ní 2010, ó bẹ̀rẹ̀ sí gba Java ní 2011, áàpù kékeré kò sì san nǹkan kan níbẹ̀. Ní November 2022 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ọ̀fẹ́ pa. Àyè 512MB tí kì í sùn di dọ́là 7 lóṣù, àyè ìkó-dátà-sí tó kéré jù di dọ́là 5 lọ́tọ̀. Dọ́là 12 nìyẹn, ₦18,000. Ẹgbẹ́ ń san ₦15,000. Ọmọ náà á wá máa fi owó àpò ara rẹ̀ ran àwọn olùkọ́ 300 lọ́wọ́.

Àwọn tó ṣì ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ wà. Render fún ẹni ní 512MB, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá wọlé fún ìṣẹ́jú 15, áàpù náà á sùn. PHP á sùn á jí, ẹ ò ní mọ̀. Java ní láti tún gbogbo ara rẹ̀ tò kó tó dáhùn, lórí ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ tí kò lágbára, ó sì lè gbà tó ìṣẹ́jú kan. Olùkọ́ tó fẹ́ wo owó rẹ̀ ní àkókò ìsinmi, tó kàn ń wo funfun lójú fóònù, á pe akọ̀wé ẹgbẹ́. Akọ̀wé á pe ọmọ náà. Owó ìpè yẹn wà nínú ìṣirò, àbùkù tó bá a wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Oracle tó ni Java ni ọwọ́ rẹ̀ ṣí jù lọ. Ní 2021 ni wọ́n kéde ẹ̀rọ Arm oní-core 4 pẹ̀lú RAM 24GB, lọ́fẹ̀ẹ́, títí lọ. Kí n má purọ́, ọ̀fẹ́ tó tó báyìí máa ń kọ mí lóminú. Ẹ ní láti fi káàdì báńkì forúkọ sílẹ̀ ná. Bí káàdì bá wọlé tán, ẹ lè máa gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ pé àyè ti kún. Bí àyè bá yọ, òfin kan tún ń bẹ: ẹ̀rọ tó bá jókòó láìṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 7, tí CPU rẹ̀ kò tó 20%, wọ́n lè gbà á padà. Ẹgbẹ́ tí ẹni mẹ́ta ń wọlé lójúmọ́ ńkọ́? Áàpù tó mọ níwọ̀n gan-an ni òfin náà ń lé. Wọ́n tún máa ń wo iye RAM tí ẹ̀rọ ń lò kí wọ́n tó pè é ní ọ̀lẹ, nítorí náà Java tó bá jẹun yó lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kánjúwà di ààbò, àfi ká rẹ́rìn-ín.

Èmi, bí wọ́n bá bi mí, Jámánì ni mo máa rán ọmọ náà lọ. Hetzner wà ní Gunzenhausen láti 1997, sáfà wọn sì wà ní Nuremberg, Falkenstein àti Helsinki. Ní 2024, wọ́n ń ta ẹ̀rọ oní-RAM 4GB ní iye tí kò tó Yúróò 4 lóṣù, láì ka owó-orí. RAM 4GB kan náà lọ́dọ̀ DigitalOcean, dọ́là 24 ni. Àlàfo yẹn kì í ṣe idán. Hetzner ló kọ́ ilé tí sáfà rẹ̀ wà fúnra rẹ̀, òun ló ń to ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀, kì í sì í fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú lé ọjà náà lórí. Ẹ̀rọ ni ẹ rà, ẹ̀rọ ni wọ́n fún yín. Ẹ̀yin lẹ máa dáàbò bò ó, ẹ̀yin lẹ máa ṣe ẹ̀dà dátà pa mọ́, ẹ̀yin lẹ máa dìde lóru nígbà tó bá kú. Wọ́n sì lè béèrè pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ oníbàárà tuntun kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ti ọ̀nà jíjìn kò já mọ́ nǹkan níbí. Láti Òṣogbo dé Falkenstein, àlọ àti àbọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ni, kò sì sí olùkọ́ tó máa mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá ń wo gbèsè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kò tó 4GB í jẹ, ibẹ̀ sì ni èrè wà. Ẹgbẹ́ márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦15,000, jẹ́ ₦75,000 lórí ẹ̀rọ kan tí kò ju nǹkan bí ₦7,000 lọ. Ohun tó sábà máa ń ba ètò yìí jẹ́ kì í ṣe olùtajà. Bí a kò bá pàṣẹ fún JVM, ó máa ń fún ara rẹ̀ láyè láti lo tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo RAM tó bá rí. Áàpù márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ìdá kan nínú mẹ́rin: ẹ ti rí i pé kò lè wọ̀. Kálukú wọn ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló wà lórí ẹ̀rọ náà, títí di ọjọ́ owó oṣù tí gbogbo wọn á fẹ́ gba tiwọn, tí Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, á sì pa ọ̀kan nínú wọn kí ìyókù lè mí. Àṣẹ kékeré kan, -Xmx256m, tí a kọ sí iwájú áàpù kọ̀ọ̀kan, ló ń tún un ṣe. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó kó kúrò lọ́dọ̀ olùtajà kan sí òmíràn nítorí pé RAM kò tó, tí wọn ò sì kọ àṣẹ yẹn rí.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń san án wá kù. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì wa gé iye tí ènìyàn lè fi káàdì náírà ná lókè òkun sí dọ́là 20 lóṣù, lẹ́yìn náà púpọ̀ nínú wọn ti ọ̀nà náà pa pátápátá. Ní 2025 ni àwọn kan tún ṣí i. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, káàdì dọ́là orí fóònù ni àwọn ọmọ sá lọ bá; àwọn kan nínú rẹ̀ kú lójijì, owó oníbàárà há sínú wọn. Owó-orí VAT 7.5% tún ń bẹ, tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè mìíràn ń fi kún owó hosting.

Ẹlòmíràn á ní, ṣé kò sí tiwa ni? Ó wà. Funke Opeke, ọmọ Ilé-Olújì tó kàwé ní Ifẹ̀, ló dá MainOne sílẹ̀, tó fa okùn íntánẹ́ẹ̀tì 7,000 kìlómítà láti Pọ́túgàl wá sí Èkó ní 2010, tí ilé-iṣẹ́ náà sì kọ́ ilé sáfà sí Lẹ́kkí. Ilé sáfà Rack Centre náà wà ní Orégùn. Ní ọjọ́ 14 March 2024, tí okùn mẹ́rin já nínú òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń ṣe ségesège káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀nà láti Òṣogbo dé Èkó kò gba inú òkun kọjá. Àǹfààní ńlá ni. Ẹ ó sì fi náírà san án láti inú báńkì yín, láìsí káàdì dọ́là kankan.

Àmọ́ kí náírà tó wà lára ìwé owó má tàn yín. Sáfà tó wà ní Lẹ́kkí, dọ́là ni wọ́n fi rà á, dísù ló sì ń gbé e dúró nígbà tí iná bá lọ. Equinix ti Amẹ́ríkà ti ra MainOne ní dọ́là mílíọ̀nù 320, wọ́n parí rẹ̀ ní 2022. Òmíràn nínú àwọn tó ń ta hosting ní náírà, ilẹ̀ Yúróòpù gan-an ni wọ́n ti ń ya àyè tí wọ́n ń tún tà fún wa, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ sanwó béèrè lọ́wọ́ wọn, kó tó sanwó, ìlú wo ni ẹ̀rọ náà wà. Bó bá wà ní Èkó, tí iṣẹ́ náà sì jẹ́ èyí tí kò gbọ́dọ̀ dá dúró, bíi ti ilé ìwòsàn, mo gbà kó san owó tó ga. Lẹ́jà ẹgbẹ́ olùkọ́ lè fara da wákàtí díẹ̀.

Ẹ padà sí káàdì. Nígbà tí ọ̀nà dí, ọ̀pọ̀ ọmọ sáré pe ẹ̀gbọ́n wọn ní Peckham tàbí ní Houston: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fi káàdì yín sí i." Ẹ̀gbọ́n fi sí i, ó gbàgbé. Oṣooṣù ni owó náà ń jáde, kò sì sí nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ hosting owó pọ́ọ́kú tí a ń gbéra ga lé lórí nílẹ̀ yìí, ẹni kan ló ń san án ní ìlú òyìnbó. Lọ́jọ́ tí káàdì ẹ̀gbọ́n bá kú, tàbí tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá rí físà Kánádà, rìsíìtì wà lórúkọ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, pásíwọ́ọ̀dù sì wà nínú fóònù ẹni tó ti wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹgbẹ́ kan náà tí kì í jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo fọwọ́ sí sọ̀wédowó ₦50,000 ló fi lẹ́jà ènìyàn 300 sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìméèlì ẹgbẹ́ ni kí wọ́n fi ṣí àkáǹtì sáfà náà. Kí wọ́n kọ iye dọ́là àti iye tí wọ́n fi ṣẹ́ ẹ sí náírà sínú àdéhùn, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò ní oṣù January kọ̀ọ̀kan. Kí akápò náà sì mọ oṣù tí káàdì tó ń san án máa kú.