Owó Ọjà Kì í Ṣe Owó Ọdún

Kérésìmesì ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn ọmọ ti ń bèèrè aṣọ, àwọn alájọ náà ti ń ka káàdì kí wọ́n lè kó owó fún oníkálukú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí kò lè dúró di ọjọ́ ìpàdé, nítorí kí ìpàdé tó pé, ẹlòmíràn á ti ná owó náà tán.

Ọ̀rọ̀ náà ni pé ká dín ìnáwó Kérésì kù nínú ilé wa. Mo mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò, gbogbo wa la sì ń dáhùn pé òótọ́ ni, ká tó gba Gbági lọ ra ankara. Ṣùgbọ́n tiwa yàtọ̀ sí ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Òṣìṣẹ́ tó bá ná owó oṣù rẹ̀ tán, ojú á pọ́n ọn díẹ̀, oṣù á parí, owó mìíràn á dé. Ọlọ́jà tó bá ná owó ọwọ́ rẹ̀ tán, ọjà rẹ̀ ló jẹ. Kò sí ẹni tí yóò san owó oṣù fún un.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní obìnrin kan ń ta ata àti tòmátì, tí owó tó fi ń ṣòwò jẹ́ ₦200,000. Ní oṣù tí kò sí ọdún, ọjà tó bá gbé lè gba ọjọ́ mẹ́ta kó tó tán. Tó bá di ọ̀sẹ̀ Kérésì, ojúmọ́ kan ló ń tà á tán, ó tún ń sáré gbé òmíràn, ẹni tó ń gbé ọjà fún un sì já ọjà ₦160,000 sílẹ̀ fún un láwìn, nítorí ó mọ̀ pé á tà. Ní alẹ́ tí Kérésì ku ọ̀la, ó ka owó, ó rí ₦450,000. Orí ẹ̀ wú. Ó ní Ọlọ́run ti ṣe é.

Ẹ bá mi wò ó dáadáa. ₦200,000 níbẹ̀ jẹ́ ojú owó. ₦160,000 jẹ́ ti ẹni tó gbé ọjà wá. Èrè tirẹ̀ jẹ́ ₦90,000. Ṣùgbọ́n inú báàgì kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà, kò sí èyí tí wọ́n kọ orúkọ sí lára. Ó ra ìrẹsì, ó ra òróró, ó ra ewúrẹ́, ó dá aṣọ fún ọmọ mẹ́rin, ó dirí, ó wọkọ̀ lọ sí ìlú ọkọ. Ó ná ₦250,000, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, nítorí ó ṣì rí ₦200,000 lọ́wọ́. Jánúárì dé, ẹni tó gbé ọjà dé, ó gba ₦160,000 tirẹ̀. Ó ku ₦40,000. Obìnrin yìí o, olè kò jà á, iná kò jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọjà rẹ̀ kò bàjẹ́. Kérésì ló jẹ ẹ́.

Ibẹ̀ ni owó gbómúlé-lántà ti ń wọlé. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá yá ₦100,000, kì í sábà pé dé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á ti yọ owó fọ́ọ̀mù, wọ́n á ti yọ èyí tí wọ́n ní ẹ ó fi pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n orí ₦100,000 pé ni wọn ó ti ka èlé. Láìpẹ́ ni sísan ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú Jánúárì kẹ̀! Oṣù tí ẹnikẹ́ni kì í rajà, tí ilé ìwé ń wọlé, tí owó ìwé àti owó bàtà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń ṣe akọ̀wé, Fẹ́búárì àti Máàṣì ni ẹjọ́ gbèsè máa ń pọ̀ jù níwájú Ìyálọ́jà, tí a bá sì tú u dé ìdí, Disẹ́ńbà la máa ń bá níbẹ̀. Àwọn kan wà tí a jí lọ́jọ́ kan tí a bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, fóònù wọn kò lọ mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú gúrúùpù, tí wọ́n ṣe onídùúró, ni wọ́n fi san án. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bí òun ṣe ń ná owó òun kò kan ẹnì kan.

Ọdún wọ̀nyí kì í ṣe ọdún tí a lè fi ṣeré. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Lítà tí à ń rà ní kò tó ₦200, nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Nínú oṣù Kẹfà 2023 kan náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀, tí dọ́là sì fò sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba tòmátì láti Kánò àti Kàdúná mọ ohun tí owó ọkọ̀ ṣe fún wa. Àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, NBS, sọ pé owó oúnjẹ ní Disẹ́ńbà 2024 fi nǹkan bíi 40 nínú 100 ga ju ti Disẹ́ńbà 2023 lọ. Ìyẹn ni pé oúnjẹ ₦1,000 ti di nǹkan bíi ₦1,400 láàrin ọdún kan péré. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024 jẹ́ ₦70,000. Ní Kérésì ọdún náà, kò tó ra àpò ìrẹsì kan. Nígbà tó di 2025, owó ìrẹsì wá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, aráàlú yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti kó tiyín pamọ́ ní owó gọbọi mọ ohun tí ojú yín rí. Ọjà ń gòkè, ó ń sọ̀, kò sí èyí tó wà lọ́wọ́ wa níbẹ̀. Ojú owó ló wà lọ́wọ́ wa.

Àwa tí a ti lé lọ́gọ́ta ọdún rántí 1984, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà, tí à ń tò fún mílíìkì àti ọṣẹ tí wọ́n ń pè ní èsẹ́ńṣọ̀. A rántí SAP ní 1986. Àwọn ìyá wa ṣe Kérésì nínú ẹ̀, àwọn ọmọ jẹ, wọ́n yọ̀, wọ́n jó káàkiri àdúgbò. Ìyá mi a máa so owó ọjà sí igun ìró kan, a so owó oúnjẹ sí igun kejì. Igun ti owó ọjà yẹn, bí ọmọ ń sunkún, bí àlejò dé, kò ní tú u.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ: "Akọ̀wé, bí gbogbo ìlú bá dín ìnáwó kù, ta ni yóò ra ọjà wa?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà wa ti dín tiwọn kù kí n tó mú bírò, wọn kò gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń ra àpò tẹ́lẹ̀ ti ń ra kóńgò. Ẹni tó ń ra gálọ́ọ̀nù òróró ti ń ra ìgò. Nítorí náà ẹ má fi ojú Kérésì àtijọ́ kó ọjà, pàápàá ẹ̀yin aláta àti ẹ̀yin elésò tí ọjà yín kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹ díwọ̀n kékeré, ẹ fún un ní èyí tí owó ọwọ́ rẹ̀ ká. Èyí tí a bá tà fún ará ìta, ọjà ni. Èyí tí a bá mú láti orí àtẹ lọ sílé, tí a kò sì kọ ọ́ sílẹ̀, inú ojú owó la ti mú un o. Ẹ máa kọ ọ́. Ẹni tí kò lè kọ, kó ní kí ọmọ rẹ̀ bá òun kọ ọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìrẹsì jẹ́ oúnjẹ Kérésì nítorí pé a kì í rí i jẹ lójoojúmọ́. Nísinsìnyí tí a ń jẹ ẹ́ ní Túsìdeè, kí ló tún sọ ọ́ di dandan lọ́jọ́ ọdún? Iṣu wà lọ́jà lákòókò yìí, kò rí bíi ti oṣù Kẹfà tí à ń wá a kiri. Ilé tó bá gún iyán lọ́jọ́ Kérésì, tó ro ẹ̀fọ́ dáadáa, ta ni yóò sọ pé wọn kò ṣọdún? Sóbò tí ẹ fúnra yín sè pẹ̀lú atalẹ̀ dára ju kéréètì mínírà mẹ́ta. Ní ti aṣọ, èmi ò rí ìdí tí gbogbo ilé fi gbọ́dọ̀ wọ ankara kan náà. Aṣọ Kérésì èṣí tí ọmọ kò tíì wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ, ẹ tú ìṣẹ́po ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ sì sọ fún bàbá àwọn ọmọ iye tó jẹ́ èrè gan-an. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi í pamọ́ fún ọkọ, ọkọ náà á wá máa rò pé báńkì ni ṣọ́ọ̀bù.

Ohun kan wà tí mi ò ní kí ẹ gé, ìyẹn ni àwo oúnjẹ tí à ń gbé fún aládùúgbò. Àwọn Alhaja tó wà láàrin wa kò gbàgbé wa nígbà Iléyá, bó ti wù kí àgbò wọ́n tó. Ẹ bu ú kéré, ẹ fi ẹran kan sí i dípò mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ. Kí aṣọ kọ́kọ́ lọ ná kí àwo tó lọ.

Ẹni tí kò bá sì ní rárá, kó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kò sí. Ojútì kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Disẹ́ńbà 2024, ní Baṣọ̀run, nínú Ìbàdàn wa níbí, ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi àríyá ọmọdé tí wọ́n ní àwọn ti fẹ́ pín ẹ̀bùn. Àwọn òbí wọn kò ṣe ju kí ọmọ náà ṣọdún lọ. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń pín nǹkan ọ̀fẹ́ níbikíbi lọ́dún yìí, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ nílé.

Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò lórí nǹkan méjì. Èkínní, a ó lọ ra ìrẹsì àti òróró lápapọ̀ ní Bódìjà, a ó sì pín in ní kóńgò ní iye tí a rà á gan-an, pẹ̀lú owó ọkọ̀ nìkan lórí rẹ̀. Owó kí ọjà, a kò ní ta àwìn fún ẹnikẹ́ni, títí kan èmi àti Ìyálọ́jà. Èkejì, a ti bá àwọn alájọ tó ń gba inú ìlà wa sọ̀rọ̀: ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kó ìdajì fún òun ní Disẹ́ńbà, kí wọ́n sì mú ìdajì dání di ọ̀sẹ̀ kejì Jánúárì, wọ́n ti gbà láti ṣe é, wọn kò sì ní yọ kọ́bọ̀ kún iye tí wọ́n máa ń yọ. Ẹ mú káàdì yín wá kí n lè kọ ọ́ síbẹ̀ lójú alájọ. Èmi yóò wà ní ṣọ́ọ̀bù mi láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, àfi Sọ́ńdè, títí di Sátidé àkọ́kọ́ nínú Disẹ́ńbà. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ìwé ti di pípa nìyẹn.