Maṣíìnì Ni Kí Ìjọba Yá Ọmọṣẹ́

Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Ohun tí ojú mi ń rí lára àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ yìí.

Òfin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin, ọdún 2024 kò yọ oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Ó ní kí NELFUND, àjọ tó ń rí sí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, máa yá ọmọ yunifásítì lówó, kó sì máa yá ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba bá fọwọ́ sí. Kò gba èlé. Wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n ọmọ yunifásítì ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó gé aṣọ yìí. Owó ilé ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sápò ilé ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè máa gba ₦20,000 lóṣù fún jíjẹ-mímu. Tó bá sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, ó di ọdún méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà, tí agbanisíṣẹ́ yóò máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ télọ̀ kì í ṣe àgùnbánirọ̀, kò sì ní owó oṣù. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, wọn kò dé ilé ẹ̀kọ́ kankan.

Owó ìkọ́ṣẹ́ kọ́ ni ìṣòro wọn. Òbí á máa san án díẹ̀díẹ̀, ẹlòmíì á fi ọdún kún ọdún sin ọ̀gá. Lẹ́yìn fíríìdọ́ọ̀mù ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. A ó gbàdúrà, a ó fa àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, ẹbí á wọ ankoó, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ọmọ ò ní maṣíìnì.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ débi pé àwọn oníbàárà mi á ní òun ni kí n fún ní bùbá àwọn rán. Owó gbọ́mú-lé-lántà ló fi ra maṣíìnì. Iṣẹ́ ò tíì wọlé tí wọ́n ti ń gba owó ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá gbé maṣíìnì lọ. Títí dòní, ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì ló ti ń ránṣọ, iye aṣọ tó bá rán ni wọ́n fi ń sanwó fún un.

Bí NELFUND ṣe ń sanwó fún ilé ẹ̀kọ́, kó máa san án fún ẹni tó ń ta maṣíìnì, kí owó má gba ọwọ́ ọmọ kọjá: maṣíìnì, èyí tí a fi ń di etí aṣọ, áyọ́ọ̀nù, àti ohun tí yóò fún un níná. Kí wọ́n fún un láyè kó rí oníbàárà ná, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Kí sísan rẹ̀ sì pọ̀ nígbà Iléyá àti Kérésì, kó dínkù nínú oṣù kejì tí ẹnikẹ́ni kì í rán aṣọ tuntun. Ìjọba fúnra rẹ̀ ní tíréèdì tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń dán oníṣẹ́ ọwọ́ wò. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó bá yege níbẹ̀, kí wọ́n kà á mọ́ àwọn tó tọ́ sí ẹ̀yáwó.

Wọ́n á ní yóò sá lọ. Ibo ló fẹ́ sá sí? Ọ̀gá rẹ̀ mọ ilé bàbá rẹ̀, ẹgbẹ́ aránṣọ àdúgbò sì mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ dúró fún un. Èmi á kọ́kọ́ fọwọ́ sí ti àwọn ọmọṣẹ́ mi.