Àpò Ọwọ́ àti Owó Ẹnu-Ọ̀nà

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n láyé òde òní, àwọn oníṣòwò kan wà tí wọ́n ń polówó ọbẹ̀ dídùn tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú olówó pọ́ọ́kú, irú bíi Ryanair ti ilẹ̀ Áyálándì, easyJet ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wizz Air ti ilẹ̀ Họ́ngárì. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù àti Dọ́bílìn ń wọ ọkọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òbí tó ti ilé lọ kí ọmọ wọn ní ìlú òyìnbó. Ó yẹ, nígbà náà, kí a yẹ òfin àpò ọwọ́ wọn wò fínnífínní, nítorí ibẹ̀ ni owó tí ènìyàn rò pé òun ti tọ́jú ti ń jò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan là á yé ara wa. Ká ní ìyá kan ti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù nínú ọkọ̀ ńlá, tí wọ́n sì jẹ́ kí ó gbé àpò kékeré oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé láìgba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú fún un kí ó lè lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Dọ́bílìn. Àpò kan náà ni ìyá gbé. Kò fi ohunkóhun kún un. Nígbà tó dé ẹnu-ọ̀nà ìwọkọ̀, wọ́n ní kí ó ki àpò náà bọ inú àpótí ìdiwọ̀n. Kò wọ̀ ọ́. Wọ́n bá dá iye kan lé e tó lè ju owó tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ. Ìyá yóò ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ǹjẹ́ òótọ́ ni?

Ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ohun tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tà kì í ṣe ìrìn-àjò lódindi, bí kò ṣe ìjókòó kan ṣoṣo. Oúnjẹ, omi, yíyan ibi tí a ó jókòó sí, àti ẹrù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dá iye lé wọn. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í pa owó wọlé. Èyí tó wà lójú òfuurufú ni ó ń pa á. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fẹ́ kí ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ tún gbéra láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Bí èrò 180 bá gbé àpò oníkẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan wọlé, àyè ìkẹ́rùsí tó wà lókè orí kò ní gbà wọ́n, àríyànjiyàn yóò bẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ yóò sì pẹ́. Owó tí wọ́n dá lé àpò ń dín ẹrù kù, ó sì tún ń mú èrè wá.

Oríṣi àpò méjì ni ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ wọn. Èkínní ni àpò kékeré tí a ń tì sí abẹ́ ìjókòó iwájú wa. Ọ̀fẹ́ ni èyí. Ti Ryanair kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 40 ní gíga, 30 ní fífẹ̀ àti 20 ní nínípọn lọ. Ọdún 2025 ni wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ dé ibẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ni ti Wizz Air, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wúwo ju kílò 10 lọ. Ti easyJet tóbi díẹ̀ sí i: 45, 36 àti 20, pẹ̀lú kílò 15. Èkejì ni àpò oníkẹ̀kẹ́ tí a ń gbé sókè orí. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ẹni tó bá san àfikún owó nìkan ni Ryanair ń jẹ́ kí ó gbé èyí wọlé, kò sì gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 55, 40 àti 20 lọ, tàbí kílò 10. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé kẹ̀kẹ́ àti ọwọ́ àpò wà lára ìwọ̀n. Ẹ ó sì rí i pé àpò tó kún ìwọ̀n easyJet gẹ́lẹ́ kò lè wọ inú àpótí ìdiwọ̀n Ryanair. Àpò tí a gbà lánàá lọ́dọ̀ ẹnìkan lè di ẹ̀ṣẹ̀ lónìí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Owó àpò yìí kì í sì í dúró sójú kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ tí a ra tíkẹ́ẹ̀tì ni ó kéré jù. Ẹnu-ọ̀nà ìwọkọ̀ ni ó ti ga jù. Ní ọdún 2025, Ryanair kéde pé òun yóò sọ ẹ̀bùn tí òun ń fún òṣìṣẹ́ lórí àpò kọ̀ọ̀kan tó bá ju ìwọ̀n di Yúrò 2.50, láti Yúrò 1.50. Nígbà tí ẹni tó ń wọn àpò bá ń jẹ nínú owó tí a gbà lórí àpò, ta ni ẹnu yóò yà bí ojú rẹ̀ bá mú ju ti alápò lọ?

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, Ilé-ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, nínú ẹjọ́ kan tó kan ilé-iṣẹ́ Vueling ti Sípéènì, dá a pé a lè gba owó lórí ẹrù tí a fi sí ikùn ọkọ̀, ṣùgbọ́n pé àpò ọwọ́ jẹ́ ohun tí ìrìn-àjò kò lè ṣe aláìní. A kò gbọdọ̀ gba àfikún owó lórí rẹ̀, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ èwo ni ìwọ̀n tó bọ́gbọ́n mu? Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní àpò abẹ́ ìjókòó ti tó. Ìjọba Sípéènì ní kò tó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó bu ìtanràn mílíọ̀nù 179 Yúrò lé ilé-iṣẹ́ márùn-ún lórí àpò ọwọ́ àti àwọn àṣà mìíràn, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìgbìmọ̀ ọ̀ràn ìrìnnà nínú Ilé Aṣòfin Yúróòpù dìbò pé kí èrò máa gbé àpò abẹ́ ìjókòó àti àpò mìíràn tí kò ju kílò 7 lọ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn onílé-iṣẹ́ ń ké pé bí a bá sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn ni yóò san án lára owó tíkẹ́ẹ̀tì. Àwa kò ní sẹ́ òtítọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ìwé méjì àti ẹ̀wù kan lọ́wọ́, kò tọ́ kí ó bá oníṣòwò san owó ẹrù. Ṣùgbọ́n ní gáréèjì wa, ọ̀tọ̀ ni owó èrò, ọ̀tọ̀ ni owó ẹrù, a sì ń ná an kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí iye kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó wá ọkọ̀ mìíràn. Ní ẹnu-ọ̀nà ìwọkọ̀ òfuurufú, kò sí ìnájà. Ọkọ̀ fẹ́ gbéra, tíkẹ́ẹ̀tì kò ṣeé dá padà, ìyá àgbà kò sì mọ ibi tí yóò gbé ẹrù rẹ̀ pamọ́ sí. Iye tí a fi hàn ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ti kúrò ní iye; ìdẹkùn ni. Ìdájọ́ wa nìyí: kì í ṣe gbígba owó ni ẹ̀ṣẹ̀, bí kò ṣe pé ìwọ̀n kò bá ara mu, tí iye sì ń farapamọ́ títí di ìgbà tí kò sí ọ̀nà àbáyọ.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kí òfin tó dé, kí olúkúlùkù ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí a ro owó ìjókòó pọ̀ mọ́ owó àpò, lílọ àti bíbọ̀, kí a tó sọ pé èyí wọ́n, tọ̀hún kò wọ́n. Kí a fi téèpù wọn àpò lẹ́yìn tí a bá ti di ẹrù sínú rẹ̀ tán, nítorí àpò tó kún a máa wú. Bí ìrìn-àjò kan bá ní ilé-iṣẹ́ méjì nínú, ìwọ̀n èyí tó kéré jù ni kí a tẹ̀lé. Kí a rántí pé omi ni wọ́n ka ata lílọ̀ àti epo pupa sí, àti pé ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfuurufú, ìgò tó ju mìlílítà 100 lọ kò lè kọjá. Bí wọ́n bá gba àpò lọ́wọ́ wa láti fi sí ikùn ọkọ̀, kí a yọ ìwé ìrìnnà, oògùn àti bátìrì tí a fi ń gba agbára sí fóònù. Bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbiná, ọ̀dọ̀ èrò ni òfin sì ní kí ó wà.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín ni èyí pẹ̀lú. Ọmọ tó mọ gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn lójú pátákó, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n lára àpò ìyá rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ láti ka lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ ìwé kí ó tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin olóṣèlú, bí irú òwò yìí bá ń gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ dìbò fún pé kí òfin fi iye àpò sí ẹ̀gbẹ́ iye ìjókòó, ní lẹ́tà kan náà, ní ojú ìwé kan náà. Ẹni tó bá mọ iye ohun tí òun yóò san ni a lè sọ pé ó yàn án fúnra rẹ̀.