Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ wo kìnnìún ní Kainji, ẹ dúró ná

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́kọ́jà, mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń dá owó mọ́tò láti kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ẹranko Kainji. Ó dáa. Ìpínlẹ̀ Niger àti Kwara tó bá wa pààlà ló wà. Ní gbogbo Nàìjíríà, ibẹ̀ àti Yankari nìkan ni kìnnìún ṣẹ́kù sí nínú igbó, gbogbo wọn ò sì tó 50.

Àmọ́ ṣé ojú ò tì wá ni? Bá a bá ń lọ sílé ọdún, tí mọ́tò bá dúró lọ́nà, ẹran ìgbẹ́ la máa ń kọ́kọ́ ná. Lọ́dún tó kọjá, èmi fúnra mi ra akika, ẹran tó máa ń ká jọ bíi bọ́ọ̀lù yẹn, lójú àwọn ọmọ mi. Àbíkẹ́yìn mi ní, "Dádì, ṣé ti inú ọgbà nìkan ni wọn kì í pa ni?" Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ẹ má sọ fún mi pé ọdẹ ló jẹ̀bi. Oníṣòwò ni mí. Ọjà tí ò bá tà, mi ò ní lọ gbé òmíràn wá.

Ti ààbò ojú ọ̀nà, ìyẹn náà wà, ẹ bi àwọn awakọ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbéra. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó bá máa dúró ra ẹran ìgbẹ́, ẹ yọ orúkọ àwọn ọmọ mi kúrò níbẹ̀.