Ta Ló Gba Ohùn Lẹ́nu Ère Wa?



Bí ẹ bá gbé ìrọ́kẹ́ Ifá lọ́wọ́, ojú yín á kọ́kọ́ lọ sára obìnrin tó kúnlẹ̀ tí oníṣọ̀nà gbẹ́ sí i lára. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè: ọ̀pọ̀ ìrọ́kẹ́ ló ní ihò níbẹ̀, tí ọmọ agogo wà nínú rẹ̀. Bí babaláwo bá ń fi í lu ọpọ́n, ìró méjì là ń gbọ́, ti igi àti ti ọmọ inú ìrọ́kẹ́. Ìró yẹn la fi ń kí Ọ̀rúnmìlà kí a tó bi í ní ohunkóhun. Ère ni, agogo sì ni.

Wọ́n kó irú rẹ̀ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òyìnbó, wọ́n tì í mọ́ inú gíláàsì. Àwọn èèyàn ń wò ó, wọ́n ń yìn ín, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ọpọ́n Ifá kan láti Allada, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ti wà ní ìlú Ulm ní Jámánì láti àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Emeka Ogboh fi wù mí. Ọmọ Ìgbò ni, ìró ló fi ń ṣe ọnà. Ó ti gba ariwo Èkó sílẹ̀, àti ti kọ̀ńdọ́ dánfó tó ń pe èrò, ó gbé e lọ sókè òkun. Níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Venice ní Ítálì ní 2015, ó to sípíkà mẹ́wàá kalẹ̀ bí èèyàn mẹ́wàá tó dúró. Ohùn ọmọ Áfíríkà kan tó ń gbé Jámánì ló ń jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orin orílẹ̀-èdè Jámánì ni wọ́n ń kọ, oníkálukú ní èdè ìyá rẹ̀. Yorùbá wà níbẹ̀. Ẹnì kan lè ní ẹrú ló ń kọ orin olówó rẹ̀. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bi léèrè lójoojúmọ́ pé kí ló wá ṣe nílùú, tó wá fi èdè ìyá rẹ̀ kọ orin ìlú náà, ó ti fèsì.

Ní 2021, ọkùnrin yìí kan náà lẹ àwòrán àwọn idẹ Bìní mọ́ ìgboro Dresden bí ìgbà tí a ń kéde ọmọ tó sọnù. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló kó wọn láàfin Ọba ní 1897. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2022, mínísítà ilẹ̀ òkèèrè Jámánì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ogún nínú wọn wá sí Àbújá. Inú mi dùn.

Ṣùgbọ́n inú gíláàsì wo ni wọ́n tún ń lọ? Agogo onídẹ wà lára ohun tí àwọn Bìní ń gbé sórí pẹpẹ baba ńlá wọn, wọ́n sì ń lù ú kí baba lè gbọ́. Bí irú agogo bẹ́ẹ̀ bá ti òkun dé, tí a tún kọ "má fọwọ́ kàn án" sí i nílé tiwa, ìdajì rẹ̀ ló tíì dé. Wọ́n á ní ó ti gbó, ó lè fọ́. Mo gbà. Ṣé àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ òpópónà Igun ò sí mọ́ ni? Kí wọ́n rọ ìkejì rẹ̀, kí a máa lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kí ọmọ iléèwé tó wá wò ó lè gbọ́ ọ.

Ó kan àwa babaláwo náà. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣọ̀nà ń wá bá wa pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, àwọn kan nínú wa sì ń lé wọn bí ẹni lé olè. Mi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ìyẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gba ìlù Ìpèsè, kí wọ́n gba ìró ìrọ́kẹ́ lórí ọpọ́n. Ohun tó ń ké nínú igbó Orò kò sí níbẹ̀, kódà bí owó bá kún inú àpò. Kí wọ́n sì kọ orúkọ agboolé tí wọ́n ti gbà á sára iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ tiwọn.