Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú Tó Tún Ń Tan Fúnra Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo ilé tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ti ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ẹbí. Ọmọ ń tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́, lójijì ojú ẹ̀rọ ṣú, ó tún tan fúnra rẹ̀. Ohun tí kò tíì fi pamọ́ ti lọ nìyẹn. Àwọn mìíràn á gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sanwó bọ́ọ̀dù tuntun, nígbà tó jẹ́ pé eruku lásán ni.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àdàkọ fọ́tò, ìwé ẹ̀rí àti iṣẹ́ àwọn ọmọ sórí fúláàṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣàkíyèsí ìgbà tó máa ń ṣẹlẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tan áyọ́ọ̀nù tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi, iná ni kí ẹ fura sí. Ní Nàìjíríà, 230 volt ló yẹ kí iná ilé jẹ́. Bó bá já wálẹ̀ púpọ̀, kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní bátìrì tí yóò gbé e ró bíi ti láàpútọ́ọ̀pù. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára wáyà àjùmọ̀lò, kí ẹ kì í bọ ara ògiri. Sítábíláísà máa ń tún iná ṣe, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ pátápátá, UPS nìkan ló lè fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fi iṣẹ́ pamọ́. Ẹ má ṣe tú àpótí iná inú rẹ̀ o. Ó lè gbé èèyàn kódà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà.

Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, tí fáànù sì ń pariwo, ooru ni. Ẹ̀yin tó wà ní Kano tàbí Jos mọ eruku ọyẹ́ dáadáa. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku; ẹ di fáànù mú kó má bàa yí. Ẹ má gbé láàpútọ́ọ̀pù sórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí abẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń mí.

Bí kò bá sí àpẹẹrẹ kankan nínú ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ yẹ mẹ́mórì wò. Lórí Windows, ẹ tẹ mdsched.exe sínú àpótí ìwákiri. Yóò tún ara rẹ̀ tan, yóò sì yẹ ara rẹ̀ wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ sysdm.cpl, ẹ lọ sí Advanced, ẹ tẹ Settings lábẹ́ Startup and Recovery, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú Automatically restart. Bí àṣìṣe bá tún wáyé, ojú àṣìṣe náà yóò dúró, ẹ ó sì lè ya fọ́tò kóòdù tó wà níbẹ̀. Bí ojú àṣìṣe náà kò bá yọ, tó jẹ́ pé Kernel-Power 41 nìkan ni Event Viewer ń sọ, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé ẹ̀rọ náà kú láìdágbére. Kò dárúkọ ẹni tó pa á. Ẹ padà sórí iná àti ooru.

Bó bá wá di dandan kí ẹ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, ẹ kọ ohun tí ẹ ti rí sílẹ̀ fún un. Ẹ bi í pé kí ló fi mọ̀ pé bọ́ọ̀dù ló bàjẹ́, kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.