Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọ́ Ti Bíréèkì

Bí a bá ń gun alùpùpù láti Sharjah lọ sí Hatta, ọwọ́ a máa ro. Ìyẹn ló mú kí cruise control wúlò. Àmọ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó ra èyí tí ẹ fẹ́ so mọ́ ọn, ẹ béèrè: bí mo bá tẹ bíréèkì, ṣé yóò jáwọ́? Ojúlówó a máa jáwọ́ lójú ẹsẹ̀. Throttle lock olówó pọ́ọ́kú kàn di ọwọ́ iná mú ni. Bíréèkì kò ní tú u. Lójú ọ̀nà E311 láàárín Dubai àti Sharjah, níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró lójijì, ìyẹn léwu. Lérò tèmi, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ojúlówó, kó máa fọwọ́ ara rẹ̀ fún un níná. Ọwọ́ tó ro yóò sinmi. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.